Bàbá Àgbà àti Asín Orí Òkè

Nígbà tí a ń wẹ òkú bàbá àgbà mi, ọwọ́ wọn kò ṣe é tẹ́. Ààfáà tó ń wẹ̀ wọ́n gbìyànjú, èmi náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìka wọn ká bí ìka ẹni tó fẹ́ bu omi mu. Ààfáà ní kí n má fipá ṣe é. A da omi sí i bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń gbé, n kò sì sọ ọ́ fún un. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ.

Làmídì ni orúkọ wọn, ọmọ Iléṣà. Àwọn ló tọ́ mi, nítorí bàbá tó bí mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ti dàgbà gan-an kí Àǹtí Síkírá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó mú wọn wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dọ̀ Àǹtí ní Aylesbury Estate ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilé náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ kí wọ́n lè wó o, Bàbá kó wá sọ́dọ̀ mi ní Nunhead, lẹ́yìn Peckham. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kú sí. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n ni mo fẹ́ kọ.

Ìtàn kan ṣoṣo tó dùn ni wọ́n ní. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn yòókù, bí kò bá jẹ́ àṣẹ, èébú ni.

Kí òyìnbó tó fi wá sílẹ̀, ìjọba kan náà ló ń ṣàkóso Nàìjíríà àti apá kan Kamẹrúùnù, àwọn ọmọ Iléṣà sì ń ru aṣọ lọ tà níbẹ̀. Bàbá wà lára wọn. Wọ́n gun òkè kan tó ga débi pé igi ńlá kò hù níbẹ̀ mọ́, àfi igbó kúkúrú tí kò ga ju ìbàdí èèyàn lọ, pẹ̀lú kùrukùru àti òtútù. Lábẹ́ igbó yẹn ni ẹranko náà ń gbé.

“Asín ni,” Bàbá á ní, “ṣùgbọ́n kì í ṣe asín ilé. Asín ilé á máa sáré lẹ́bàá ògiri, gbogbo ayé á máa gbóòórùn rẹ̀. Eléyìí, inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀wà tó jinná. O máa rí i tí ilẹ̀ á máa wú díẹ̀díẹ̀, bí ikùn ẹni tó sùn.”

Wọ́n á wá máa ṣàpèjúwe rẹ̀ bí oníṣòwò tó ń yin aṣọ. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Irun rẹ̀ dúdú, ó jọ̀lọ̀ ju àrán. Ojú rẹ̀ kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Etí rẹ̀ wà nínú irun, o ò ní rí i. Àmọ́ èékánná ọwọ́ rẹ̀ gùn, nítorí pé ọwọ́ ni ọkọ́ rẹ̀.

“Mo lóṣòó tì í láti àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ wú, ọwọ́ wọlé, ọwọ́ gbé e. Ó gbóná. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Kò géni jẹ.”

Nígbà náà ni wọ́n á pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n á ká ìka, wọ́n á tẹrí ba láti yọjú wo inú rẹ̀. Gbogbo àwa ọmọdé á yọjú pẹ̀lú wọn. Mo rántí pé ọwọ́ náà máa ń ṣí sílẹ̀ jù fún ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo bi wọ́n nígbà kan pé, “Bàbá, ṣé kò ní jábọ́ báyìí?” Wọ́n ní kò jábọ́. Wọ́n ní àwọn dá a padà sínú ilẹ̀ rẹ̀ ni. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń parí ìtàn náà kì í yí padà: “Ohun tó bá fọkàn tán ọ lọ́wọ́, má fún un pa.”

Bí ẹ bá gbọ́ ìyẹn lẹ́nu wọn, ẹ máa rò pé aláàánú ni wọ́n.

Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn aláṣọ Iléṣà láyé ìgbà yẹn, nítorí pé òṣó ni wọ́n máa ń ló, wọn kì í jókòó. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, wọn ò ní dìde títí wọ́n á fi gba ohun tí wọ́n wá gbà. Bàbá kò fi àṣà náà sílẹ̀. Nígbà tí omi ń jò láti òrùlé yàrá wọn ní Aylesbury, tí Àǹtí Síkírá ti pe káńsù títí ó ti sú u, Bàbá ní kí n mú àwọn lọ sí ọ́fíìsì. A débẹ̀, wọ́n lóṣòó síwájú káńtà, nínú agbádá tó nípọn nítorí òtútù, pẹ̀lú fìlà onírun. Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ sáré wá, ó ní àga wà.

“Kí ló wí?” Bàbá bi mí.

“Ó ní àga wà, kí ẹ jókòó.”

“Sọ fún un pé kò rẹ̀ mí.”

Obìnrin tó wà ní káńtà kò mọ ibi tó máa wò. Àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti pe ẹni tó máa wá tún òrùlé ṣe. Bí a ṣe ń jáde, Bàbá wo àwọn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n rẹ́rìn-ín ìgbéraga. “Gbogbo àwọn tó wà lórí àga yẹn,” wọ́n ní, “wọ́n ti gbàgbé wọn.”

Bí wọ́n ṣe lágídí láti gba ohun tó jẹ́ tiwọn nìyẹn. Ohun tó jẹ́ tẹlòmíràn lọ́wọ́ wọn ńkọ́? Mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí wọn ò lè ru aṣọ mọ́. Wọ́n wá sí ilé ìwé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ẹrù lé mi lórí níbẹ̀, lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Bí a ṣe ń jáde ní géètì, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí. Mo fẹ́ yíjú. Bàbá gbá mi ní ìdí. “Má bojú wẹ̀yìn,” wọ́n ní, “ọrùn á dùn ọ́.”

N kò padà sí ilé ìwé mọ́. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó kọ́ ìwé kíkà dáadáa, ní kíláàsì alẹ́ àwọn àgbà ní Peckham níbí, lẹ́yìn iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kà fún Bàbá ni ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn wọn. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìkọsẹ̀. Inú mi dùn. Wọ́n gba ìgò náà lọ́wọ́ mi. “O kà á dáadáa,” wọ́n ní. “Ṣé ó ti wò mí sàn?”

Ìyàwó mi, Múínátù, ló fara da ìwà wọn jù. Òun ló ń se oúnjẹ wọn, òun ló ń fọ aṣọ wọn, òun ló ń ge èékánná ẹsẹ̀ wọn. Ó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òun nìkan ló tó bẹ́ẹ̀. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó fi gbẹ́ ilẹ̀ bíi asín yín.” Wọ́n á na ẹsẹ̀ sí i. Nígbà tó ṣàìsàn, tó sì kú, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn pé mọ́tò ti dé, a fẹ́ lọ sin ín. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti múra. Wọn ò dìde.

“Mi ò lè dúró lẹ́bàá ihò,” wọ́n ní.

Èmi àti ọmọ mi Rùká la lọ. Nígbà tí a dé, kò sí ẹni tó tún gbọdọ̀ dárúkọ ìyá rẹ̀ nílé náà. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, Rùká ní, “Mọ́mì máa ń fi ata sí i ju báyìí lọ.” Bàbá la ṣíbí mọ́lẹ̀. “Ẹni tó lọ ti lọ. Má bojú wẹ̀yìn.” Ọmọ náà gbé àwo rẹ̀ wọ yàrá. Mo parí oúnjẹ mi.

Òtútù ọdún náà ò tíì tán nígbà tí olóńgbò aládùúgbò wa pa ẹranko kékeré kan, tó jù ú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wa láìjẹ ẹ́. Imú rẹ̀ gùn. Bàbá rí i kí n tó gbá a dànù. Wọ́n ní kí n mú awò ojú àwọn wá. Wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ìka ṣí irun ojú rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́.

“Asín ni,” wọ́n ní. “Ti ìlú òyìnbó. Kì í ṣe tiwa. Ojú rẹ̀ là jù.”

Wọ́n fi tíṣù wé e. Wọ́n mú ṣíbí ìdáná, wọ́n lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ọgbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbẹ́ ibi tó tó. Wọ́n gbé e sínú rẹ̀, wọ́n bò ó, wọ́n dìde dúró síbẹ̀, ètè wọn ń mì. Mo wà ní fèrèsé ilé ìdáná. Mo wo bàbá tí kò lè dúró lẹ́bàá ihò ìyàwó mi, bí wọ́n ṣe dúró lẹ́bàá ihò asín. Nígbà tí wọ́n wọlé, iyẹ̀pẹ̀ wà lábẹ́ èékánná wọn. Wọ́n kò wo ojú mi.

“Ilẹ̀ yín le,” wọ́n ní.

Rùká kò bínú pẹ́ bíi tèmi. Ní Peckham la bí i sí, kò lè bá Bàbá jà ní Yorùbá kó borí, nítorí náà ó máa ń ní kí wọ́n sọ ìtàn. Ó wá asín òkè náà lórí fóònù rẹ̀. “Dádì, nothing dey,” ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, “fọ́tò kan àbí méjì, that's it. Àwọn onímọ̀ gan-an ò mọ̀ ọ́n tó Bàbá.” Ó wá ya fídíò Bàbá bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà, ọwọ́ wọn ká, orí wọn tẹ̀ ba, ó sì gbé e sórí nẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé bá wa.

Ọ̀dọ́kùnrin kan kọ̀wé sí Rùká láti Kamẹrúùnù. Ó ní ìyá àgbà òun wo fídíò náà, wọn ò sì gbọ́ èdè tí bàbá yẹn ń sọ, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí òun gba fóònù padà. Wọ́n ní bàbá àwọn ni. Rùká gbé fóònù wá bá mi ní ilé ìdáná. A pè wọ́n. Ìyá arúgbó kan ni, wọ́n wé gèlè dúdú, òkè wà lẹ́yìn wọn lójú fèrèsé. Pìjìn la fi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá níbí.

Àwáwù ni orúkọ wọn. Wọ́n ní aláṣọ ni bàbá àwọn, ó fẹ́ ìyá àwọn lórí òkè yẹn, ó sì bí àwọn. Nígbà tí wọ́n dìbò, tí wọ́n pín ilẹ̀ náà kúrò lára Nàìjíríà, tí àwọn àjèjì ń lọ, ó di ẹrù rẹ̀. Àwọn kò tíì tó ọmọ ọdún méje.

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé bàbá wa ni?” mo bi wọ́n. N kò fi ìkanra bi wọ́n.

“Ṣé wọ́n sọ fún yín pé àwọn ló gbé asín?” wọ́n ní.

Asín yẹn ni ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu wọn. Wọ́n rò pé orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ẹranko náà ni. Kò sí ẹlòmíràn lórí òkè yẹn tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Èmi ni mo gbé e,” wọ́n ní. “Ọwọ́ bàbá mi kò wọ ihò náà. Tèmi ló kéré. Mo kígbe pé ó ń gbóná, mo fẹ́ jù ú. Wọ́n fi ọwọ́ tiwọn gbá tèmi mú láti ìta. Wọ́n ní ohun tó bá fọkàn tán mi lọ́wọ́, kí n má fún un pa.”

Wọ́n pe ọmọ kékeré kan nínú ilé, wọ́n ní kó pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn bo tirẹ̀ níwájú fóònù. Mo rí i. Ìdí tí ọwọ́ Bàbá fi máa ń ṣí sílẹ̀ jù nìyẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Àyè ọwọ́ ọmọ ni. Wọ́n ti yọ ọmọ náà kúrò nínú ìtàn, wọ́n gbàgbé láti pa àyè rẹ̀ dé.

Mo ní kí ni wọ́n ń fẹ́.

“Kí wọ́n dárúkọ mi,” wọ́n ní. “Kí n fi etí mi gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn.”

Nígbà tí Àǹtí Síkírá gbọ́, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ náà gan-an, wọn ò tíì bọ́ kóòtù tí wọ́n ti ń pariwo. “Ilé Iléṣà ló ń wá! Ẹ gbé bàbá arúgbó sórí nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ń rò pé kò ní sí olè tó máa rí i?”

“Àǹtí, wọn ò béèrè ilé,” Rùká ní. “She just wants him to say her name.”

“Ìwọ, gbẹ́nu dákẹ́. Ìwọ tó o ń sọ Yorùbá bí ẹni tó fi omi gbígbóná sẹ́nu.”

“At least èmi ń sọ òótọ́.”

“Ó tó,” mo ní. “Bàbá wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n.”

Bàbá ti ń sùn jù nígbà náà, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé. A gbé wọn jókòó. Mo gbé fóònù sójú wọn. Àǹtí Síkírá dúró sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká apá mọ́ra. Obìnrin náà wo Bàbá, wọ́n ní, “Bàbá.” Wọ́n pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n gbé e sókè. “Asín.”

Bàbá wò wọ́n. N kò rí i kí wọ́n wo ohunkóhun bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ wọn wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i tí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀ lókè ikùn wọn, bí ilẹ̀ tí nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀.

“Bàbá,” mo ní, “ṣé ẹ mọ̀ wọ́n? Ẹ dárúkọ wọn.”

Wọ́n yíjú sí ògiri.

“Ọrùn ń dùn mí,” wọ́n ní.

“Ẹ rí i?” Àǹtí Síkírá ní. “Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó ti tán.”

Mo gbé fóònù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà bi mí kí ni wọ́n wí. Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí: wọ́n ní ọrùn ń dùn àwọn.

“Ohun tí wọ́n wí lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ náà nìyẹn,” wọ́n ní. “Ẹrù wà lórí wọn. Mo ń sáré tẹ̀lé wọn, mo ń pè wọ́n. Wọn ò yíjú. Wọ́n ní ọrùn ń dùn àwọn.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè wọ́n ní Àǹtí Àwáwù.

Mo lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá lẹ́yìn náà, ní àràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Orúkọ kan péré ni mo wá gbà. Bàbá mọ ohun tí mo ń ṣe. Àwọn ló kọ́ mi. Wọ́n á wò mí, wọ́n á di ojú. Wọn ò sọ ìtàn asín mọ́. Wọ́n kú láìsọ orúkọ náà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ojú ti Bàbá ni, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kò tì wọ́n láti fi ọmọ náà ṣe ìtàn tí wọ́n fi ń dá wa lárayá, kí wọ́n sì gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n fún asín ní gbogbo ìfẹ́ tí wọ́n ní, nítorí pé asín kò lè pè wọ́n láti ẹ̀yìn.

Ní itẹ́ òkú, lẹ́yìn tí a kírun sí wọn lára tí a sì gbé wọn sínú sàréè, Ààfáà ní kí ọmọ ilé kan bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo bọ́ síwájú. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Àǹtí Àwáwù wà lórí rẹ̀. Àǹtí Síkírá rí i, wọ́n sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Bí bàbá wa bá ṣẹ ẹnikẹ́ni,” mo ní, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì wọ́n.”

“A ti foríjì wọ́n,” gbogbo àwọn èèyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ṣe máa ń dáhùn, àti àwọn tí kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ rí.

Àwọn ọkùnrin ti mú ṣọ́bìrì. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo lóṣòó sí ẹ̀bá ihò náà, mo gbé fóònù sétí, mo tú ohun tí mo sọ sí Pìjìn fún Àǹtí Àwáwù, àti ohun tí àwọn èèyàn dáhùn.

“Báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí?” wọ́n bi mí. “Ṣé ó rọ̀?”

Mo bu díẹ̀ lọ́wọ́. “Rárá. Amọ̀ ni. Ó le, ó sì tutù.”

Afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Mo ń gbọ́ ọ lórí fóònù.

“Sọ fún àwọn èèyàn yẹn pé èmi kò tíì foríjì bàbá mi,” Àǹtí Àwáwù ní. “Kí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n.”